Mo Dárí Ji Ẹni tí Mo Ṣẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì àbúrò mi, ẹ jókòó dáadáa. Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà yín wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti fi iṣẹ́ mi kọ́ iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpò, mo sì fẹ́ tú u síta lónìí kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Àbúrò mi tí ẹ ń pè ní Tíṣà ló máa kà á fún yín, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́, ibi tó bá ti fẹ́ ta mí ni màá ti yà bàrá. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tún un kọ kó lè gún régé. Mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni pé n kò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo fi ń di aṣọ oníbàárà, mo máa ń kà á tán kí n tó fi di aṣọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń di aṣọ. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti lọ́ pọ̀, ẹ má dá àìkàwé lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló lọ́ pọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, apá kan rẹ̀ kò tíì yé mi.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan ń pariwo, èkejì ń jó kúrò lójú kan bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ wà lójú fèrèsé, igi tí mo ń fi aṣọ kọ́ sì gba ìbú yàrá náà já. N kì í kọ nọ́ńbà sára aṣọ. Òwú ni mo ń so. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ń kó aṣọ wá ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ àti bí mo ṣe ń ta kókó rẹ̀, lábẹ́ kọ́là tàbí nínú ìgbànú ṣòkòtò. Gbogbo rẹ̀ wà lórí mi. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, èmi náà kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà láàárín èmi àti àbúrò mi ni kí n kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa ń bá àwọn èèyàn fọ aṣọ, ó sì di dandan kí ẹnì kan máa ru apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e láti ilé dé ilé. Èmi ni àgbà, èmi ni mo kúrò nílé ìwé. Òun jókòó sí kíláàsì, ó kàwé, ó tún kàwé, ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìkànnì ayélujára. Lọ́jọ́ tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, èmi ni mo lọ aṣọ tó wọ̀. Mo jókòó síwájú. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ oníná tó so gílóòbù mọ́ àjà. Oníná! Ẹni tó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀! Mo ń dúró dè é kó dé ọ̀dọ̀ mi, àfi bó ṣe ní kí wọ́n máa jẹun. Mo pàtẹ́wọ́. Mo kó ìbínú náà lọ sílé, mo sì tọ́jú rẹ̀ bí àwọn mìíràn ṣe ń tọ́jú góòlù, n kì í jẹ́ kí eruku bà lé e. N kò sọ fún un. Ẹni tó bá sọ ìbínú rẹ̀ jáde, wọ́n lè bẹ̀ ẹ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí.

Síbẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ kọ́. Mo lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nínú yàrá tó ti jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀, tí wáyà gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ejò tó yó. Ó ní, “Férémùwọ́ọ̀kì tí a fẹ́ lò yìí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ilé tí wọ́n ti bá yín gbé òpó àti òrùlé rẹ̀ dúró ni. Ẹ̀yin lẹ máa pín yàrá. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ pín yàrá nígbà tí ẹ ò mọ ẹni tó máa gbé inú rẹ̀?” Ó ní ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí láti inú ìwé nìkan dà bí ẹni tó ń kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ bá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ gidi, kó jókòó tì í, kó wo bó ṣe ń ṣe é, kó wá fi férémùwọ́ọ̀kì náà kọ́ ohun tí onítọ̀hún máa lò lóòótọ́. Ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Ó wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gba ẹnì kan.” Mo ní, “Ṣé èmi tí n kò kàwé ni màá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ sáà máa ṣe iṣẹ́ yín, wọ́n á máa wò yín bí ẹni ń wo ọ̀bọ.” Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Mo fi kún èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹni tó rán sí mi ni obìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ìyá Ìbéèrè. Onídìrí ni tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn ló ń dùn ún tó fi ní òun fẹ́ yí iṣẹ́ padà. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀. “Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi kọ́kọ́ ń ya funfun sọ́tọ̀? Bàbá, bí bọ́tìnnì bá já ńkọ́, ta lẹ máa ń sọ fún? Bàbá, bí oníbàárà bá kú ńkọ́?” Mo ní, “Bí oníbàárà bá kú, ṣé ó máa dìde wá gba ṣòkòtò ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi jí. Ó wá ní, “Ẹbí rẹ̀ á wá gbà á, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi àyè ẹbí sí i.” Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, àyè ẹbí sì wà níbẹ̀. Mo wò ó tìyanutìyanu. Ìbínú mi kò sì jẹ́ kí n sọ pé ó dára.

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà tó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń mọ aṣọ ẹni, mo ní bí aṣọ bá ṣe dé ni mo ṣe ń tò ó, èyí tó kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ jáde. N kò dárúkọ òwú. Mo fẹ́ kó kọ́ ilé sórí irọ́, kó gbé e dé iwájú àbúrò mi, kí ó wó lulẹ̀ níbẹ̀, kí àbúrò mi lè mọ̀ pé ọ̀bọ kì í fi gbogbo ìṣe rẹ̀ han ẹni tó ń wò ó. Ó sì wó lóòótọ́. Tíṣà ní kó lọ tún un ṣe. Ó padà wá, kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá ó lọgun. “Bàbá! Òwú ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n! Ẹ gbàgbé láti sọ fún mi!” Mo ní, “Àgbà ń gbàgbé.” Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mo ti rí i.” Ó ya òwú náà sínú kọ̀ǹpútà, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, pẹ̀lú kókó wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló kọ ní Yorùbá. Ó ní, “Iṣẹ́ yín ni, èdè yín ló yẹ kó máa sọ.” Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Ohun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bí mo bá lọ aṣọ tán, màá fi ìka kan òwú lójú kọ̀ǹpútà Ìyá Ìbéèrè, fóònù oníbàárà á sì dún nílé rẹ̀ pé kó wá gba aṣọ. Wọ́n ń wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. “Bàbá Alágbàfọ̀, ẹ ti di ará ayé òde òní o! Àbúrò yín mà gbé yín ga!” Ó gbé mi ga. Òun tí mo gbé. Èmi àti ohun náà jọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo tilẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹnì kankan kò bá sí nítòsí, síbẹ̀ gbogbo ìyìn tó bá bọ́ sórí rẹ̀, àbúrò mi ni wọ́n ń fún. Ẹ ṣàlàyé fún mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé: báwo ni èèyàn ṣe ń fẹ́ràn nǹkan kan tó sì tún ń fẹ́ kó bàjẹ́ nínú ọkàn kan náà?

Ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe irú rẹ̀ fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ àwọn aláìsàn. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ìfọṣọ níbẹ̀ ní òun á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá wo iṣẹ́ Ìyá Ìbéèrè láàárọ̀, nígbà tí oníbàárà bá pọ̀. Bí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á gbà á síṣẹ́. Ìyá Ìbéèrè di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, “Bàbá, bí wọ́n bá gbà mí, ọwọ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ irun nìyẹn.” Mo ní Ọlọ́run á ṣe é.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná lójijì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sáré lọ ra oògùn, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì mi. Bọ́tìnnì pupa kan wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà. Ó ti fi hàn mí látìbẹ̀rẹ̀: “Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan èyí o. Mo fi ń pa àwọn aṣọ ìdánrawò rẹ́ ni. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa ń gbá lọ.” Mo dúró síwájú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ń gbóná lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì náà. Ọ̀rọ̀ kan jáde: Ṣé ó dá yín lójú? Kò tilẹ̀ pè mí ní ìwọ. Obìnrin yẹn kọ́ kọ̀ǹpútà láti bọ̀wọ̀ fún mi. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Ooru áyọ́ọ̀nù ti bo gíláàsì ojú mi, n kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi pé nǹkan kan ń yí po láàárín ojú kọ̀ǹpútà náà. Kí n tó nu gíláàsì, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó pa kọ̀ǹpútà dé láìwò ó, ó gbé ọmọ, ó ní, “Bàbá, ó dàárọ̀.” Mo ní, “Ó dàárọ̀. Ọmọ á gbádùn.” Ẹni kan náà tó tẹ bọ́tìnnì ló ń ṣàdúrà yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù kún. Àbúrò mi wọ aṣọ tí mo lọ̀. Ọ̀gá ìfọṣọ dúró pẹ̀lú báàgì lápá, kò jókòó. Ìyá Ìbéèrè ṣí kọ̀ǹpútà. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni: Kò sí aṣọ kankan níbí. Aṣọ sì ń fì lókè orí wa láti ògiri dé ògiri! Oníbàárà kan ní, “Ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé tiwa lọ ni?” Èkejì ní, “Tèmi rèé, mo ń rí i. Kọ̀ǹpútà ni kò lójú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbéèrè ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, òógùn bò ó. Ó ní, “Mo yí nǹkan kékeré kan padà nínú kóòdù láàárọ̀ yìí, nídìí iṣẹ́ tí a fi ń ránṣẹ́ sí fóònù. Kékeré ni. Tíṣà, kékeré ni.” Àbúrò mi yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án láti àná?” Ibí yìí ni mo ti lè gba ara mi là. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, “Rárá o. Òun nìkan ni. Ìdààmú ọmọ ló bá a, ó ń kánjú, mo sì rí i.” Mo tilẹ̀ mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ọ̀gá ìfọṣọ ní, “Lọ́dọ̀ tiwa, bí kọ̀ǹpútà bá ní aṣọ kò sí, orí bẹ́ẹ̀dì ìhòòhò ni aláìsàn máa sùn. Ẹ ṣeun.” Ó lọ. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ni ilé ìwòsàn náà gbà síṣẹ́.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ẹ ní sùúrù. Nígbà tí gbogbo wọn túká, Ìyá Ìbéèrè kò lọ. Ó bá mi já aṣọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo òwú, ó ń fún oníbàárà, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí oníbàárà tó kẹ́yìn jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú tábìlì mi. “Bàbá, mo dójú tì yín lójú àwọn èèyàn yín. Àìfarabalẹ̀ mi ni. Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí.” Ẹ̀yin èèyàn, mo wo orí obìnrin náà nílẹ̀. Mo lanu. Mo ní, “Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́.” Mo tún gbà á nímọ̀ràn! Mo ní, “Kí o máa fara balẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó sì padà sídìí irun dídì.

Láti ìgbà náà ni orí mi kò ti tò mọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo fi ọgbọ́n bi àbúrò mi pé kí ni bọ́tìnnì pupa yẹn ń ṣe. Ó ní, “Èyí tó wà lórí iṣẹ́ Ìyá Ìbéèrè? Mo ti ní kó yọ okùn ìdí rẹ̀ kúrò kí àlejò tó dé, ó sì ní òun á yọ ọ́. Àwòrán lásán ló kù.” Ọkàn mi fò sókè. Bí ó bá jẹ́ àwòrán lásán, a jẹ́ pé èmi kọ́ ni. A jẹ́ pé òun nìkan ló bà á jẹ́ lóòótọ́, irọ́ tí mo pa sì ti di òótọ́ lẹ́yìn mi. Ó yẹ kí n jó. N kò lè jó. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni mo bú gbàù, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ oníná. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń gbé ìyẹn láti ọjọ́ yẹn? Ta ló ń dìde láàárín àwùjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀? Èmi àti ẹ̀yin, ṣé méjì ni wá?” N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ tàbí ó gbàgbé mi lọ́jọ́ náà tó wá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. N kò tíì mọ̀ dòní. Ìbínú mi kò ní ìdí mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ní ẹ̀rí, síbẹ̀ obìnrin kan ń di irun pẹ̀lú ọwọ́ tó ń dùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so òwú ilé kan mọ́ aṣọ ilé mìíràn.

Báyìí ni fóònù mi ṣe dún ní ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí. “Bàbá Alágbàfọ̀, ẹ kúùṣẹ́ o. Èmi ni, Ìyá Ìbéèrè.” Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù káàkiri fẹ́ gbà á láti máa bá wọn kọ́ ìkànnì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú ẹnì kan wá tó ti lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, kí àwọn lè pè é. “Ẹ̀yin nìkan ni mo ní, Bàbá. Mo mọ̀ pé ó bàjẹ́ ní ìgbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dárí jì mí. Ṣé kí n fún wọn ní nọ́ńbà yín?” Mo ní kó fún wọn. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ ìdọ̀tí. Kí ni kí n sọ fún wọn? Bí mo bá ní ó mọ iṣẹ́, wọ́n á ní kí ló wá bà á jẹ́? Bí mo bá ní èmi ni, bóyá irọ́ ni. Bí mo bá ní òun ni, bóyá irọ́ nìyẹn náà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo lọ bá a.

Ó ń di irun fún obìnrin kan, ó ti dé ìdajì orí. Inú rẹ̀ dùn, ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi. N kò jókòó. Mo ní, “Mo tẹ bọ́tìnnì pupa.” Ó ní, “Bọ́tìnnì wo, Bàbá?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú obìnrin tó wà lórí àga, láti orí òwú títí dé ibi tí mo ti ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo fi kún un pé Tíṣà ní àwòrán lásán ni, pé bóyá ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ kò já mọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun. Ó ní, “N kò yọ ọ́. Mo ṣèlérí fún Tíṣà, ara ọmọ kò wá yá, mo gbàgbé.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Bàbá, mo ṣì ní iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bí n kò bá ti ní oníbàárà, mo máa ń ṣí i, mo máa ń wá àṣìṣe mi. Gbogbo ìlà rẹ̀ ni mo ti kà. Mo máa ń rí bọ́tìnnì yẹn. Mo máa ń kọjá lára rẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.” Ó fa àpò kan jáde lábẹ́ dígí, ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ka orí itan rẹ̀, ó kó aṣọ ìdánrawò sínú rẹ̀ wìrìwìrì. Ó fi ọ̀nà tó yí padà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ránṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀. Fóònù dún, aṣọ kò sì lọ síbì kan. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. “Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́.” Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo òwú náà, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ pòórá.

Ìyá Ìbéèrè pariwo. Ó fò dìde, ó di mọ́ oníbàárà rẹ̀. “Èmi kọ́ ni! Ẹ gbà mí, èmi kọ́ ni!” Obìnrin náà di orí rẹ̀ mú. “Kí ló dé? Ṣé irun mi ló bàjẹ́ ni?” Ìyá Ìbéèrè ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, àfi bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o: inú mi dùn pé èmi ni. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó wá rí ẹ̀rín lẹ́nu mi, tirẹ̀ sì gbẹ. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún yín.” Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.” Mo jáde.

Wọ́n pè. Mo sọ fún wọn pé ó mọ iṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ, pé èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, èmi ni mo sì purọ́ mọ́ ọn. Ọkùnrin tó pè mí ní, “Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é, sà?” Mo ní, “Oníná ni.” Mo gbọ́ bí ó ṣe bo ẹnu fóònù tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Àbúrò mi ló sọ fún mi. Ìyá Ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò pè mí, kò sì gbé ìpè mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀. Ilẹ̀kùn mi wà ní ṣíṣí. Ẹ béèrè ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan fún, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí ẹ ò mọ ohun tó ń bá ilé Tíṣà yín jà. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, tí àgbàlagbà kan sì wí lójú gbogbo ayé pé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ má tètè kúnlẹ̀. Ẹ wo ibi tó ní kí ẹ má wò.

Ìyá Ìbéèrè, àbúrò mi ní òun á ránṣẹ́ pè ọ́ sí kíláàsì lónìí. N kò mọ̀ bóyá o wá. Bí o bá wà níbẹ̀: ìdáríjì tí mo fún ọ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní in láti fúnni. Tìrẹ ni. Jọ̀wọ́, bí ọkàn rẹ bá gbà á lọ́jọ́ kan, fún mi nínú rẹ̀. Bí kò bá sì gbà á, n kò ní bínú.